Reginald Denny, Òṣèré Tí Ó Ń Kan Ọkọ̀ Òfuurufú

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Kábà, tí wọ́n sì ti kó ọkà bàbà wálé, àwọn ọmọkùnrin a máa lọ ṣa pòròpórò gbígbẹ lóko. Wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a fi èèpo náà ṣe ìṣó, wọn a fi inú rẹ̀ tí ó fúyẹ́ bí òwú ṣe ara ọkọ̀. Kí oòrùn ó tó wọ̀, ohun tí ẹ óò rí lọ́wọ́ wọn ni ọkọ̀ òfuurufú tí ó ní apá, tí ó ní ìrù, tí abẹ̀bẹ̀ bébà sì ń yí ní imú rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń sáré kọjú sí atẹ́gùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi náà ṣe irú rẹ̀, mo sì gbé e wọ kíláàsì ní ọjọ́ kan. Olùkọ́ wa gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó sì ní kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ títí agogo fi lù. N kò bínú sí i mọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ ìtàn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí fún un, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún èmi náà ní ọjọ́ náà.

Reginald Denny ni orúkọ ọkùnrin náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1891 ni a bí i ní Richmond, ìlú kan tí ó wà ní etí odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ ìdílé wọn gan-an ni Dugmore. Denny jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ lórí ìtàgé, nítorí òṣèré àti akọrin ni bàbá náà, ọmọ sì bá a jẹ orúkọ yìí. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Òkun mọ bí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti ń rí: kì í pẹ́ kí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó mọ ewìrì fẹ́, ọmọ onílù ni ó sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí awọ ìlù bá gbẹ. Ní ọdún 1899, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń kọ́ ìwé kíkà, Reginald ti ń ṣeré níwájú èrò nínú tíátà.

Ó lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù fún un. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn òṣèré. (Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìwé Yorùbá ni ó kọ́ òun ní èyí.) Ní ọdún 1911 ó bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó bá ẹgbẹ́ akọrin mìíràn rìn káàkiri ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, Denny wọ iṣẹ́ ológun, ó sì bọ́ sí ẹgbẹ́ ológun òfuurufú ti Ìlú Ọba, èyí tí a ń pè ní Royal Flying Corps nígbà náà. Ẹ rántí pé ọdún 1903 ni àwọn ọmọ ìyá méjì, Wilbur àti Orville Wright, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì gbé ara wọn kúrò nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń jà, kò sì ní òrùlé. Awakọ̀ a wà ní àyè tirẹ̀, ẹnì kejì a sì wà ní àyè tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹnì kejì yìí ni pé kí ó máa wo ohun tí ó wà nílẹ̀, kí ó sì máa yìnbọn. Òun ni iṣẹ́ tí Denny ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ láti kékeré iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ṣòro tó láti yìnbọn lu ohun tí ń fò, pàápàá nígbà tí ẹni tí ń yìn ín náà ń fò. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun yìí kan náà ni ó ti di ọ̀gá nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́.

Lẹ́yìn ogun ó padà sí Amẹ́ríkà, ó sì tẹra mọ́ iṣẹ́ sinimá. Sinimá ìgbà náà kò ní ohùn. Àwòrán nìkan ni ó ń rìn, a ó sì kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà sí ojú aṣọ kí ènìyàn lè kà á. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó ti ń jà ní ológun wá di oúnjẹ fún un, nítorí láti ọdún 1922 ni ó ti ń ṣe akọni nínú àwọn eré abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan tí a pè ní The Leather Pushers. Lẹ́yìn èyí ó di gbajúmọ̀ nínú eré ẹ̀rín. Ó ń wa ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe wíwà jẹ́jẹ́: ó wà lára àwọn tí ń fi ọkọ̀ dárà lójú ọ̀run.

Nígbà tí ó di ìgbẹ̀yìn ọdún 1927, sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àyípadà yìí ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òṣèré jẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń wo Denny bí ọmọ ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n rí i pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́nńbélé ni. Kò pẹ́ tí kò fi ṣe olórí eré mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó di ọ̀rẹ́ olórí eré, tàbí ọ̀gágun tí ń wọlé tí ń jáde. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ipa tí wọ́n bá fún un ni ó ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ ni èyí. Láàárín sinimá kan sí òmíràn, ó rí ọmọdékùnrin kan ní àdúgbò rẹ̀ tí ń gbìyànjú láti mú kí ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan fò, ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù. Ọkọ̀ náà kọ̀. Denny, tí ó ti ja ogun lójú ọ̀run, tí ó sì ń wa ọkọ̀ òfuurufú gidi, kà á sí ohun kékeré. Ó súnmọ́ ọmọ náà láti bá a tún un ṣe, níbi tí ó sì ti ń tún un ṣe ni ó ti bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ ro bí ojú yóò ti ti àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ kékeré ṣòro ju ọkọ̀ ńlá lọ ní ọ̀nà kan: kò sí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ tí yóò tún un darí bí ó bá fẹ́ ṣubú. Bí ẹni tí ó kàn án bá ti ṣe é ni yóò ṣe fò. Ọ̀ràn yìí wọ Denny lára, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1934, òun àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópó Hollywood Boulevard ní Los Angeles. Wọ́n ń ta àpótí tí a kó igi, àwòrán àti ohun èlò sí, kí ẹni tí ó bá rà á lè lọ kàn án nílé fúnra rẹ̀. Dennyplane ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Igi bálúsà ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, igi kan tí ń hù ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé pátákó rẹ̀. Ẹni tí ń kàn án a tẹ́ àwòrán sórí tábìlì, a fi ọ̀bẹ mímú gé igi náà ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, a to ó lé àwòrán náà lórí, a fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, a sì fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Nígbà tí apá bá dúró, ìha rẹ̀ a tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìha ẹja. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ ṣẹ́dà bò ó, a ó sì kùn ún ní ọ̀dà tí yóò mú un ran bí awọ ìlù. Bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, tàbí bí ìrù bá yẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ oṣù kan lè di igi ìdáná láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àbùkù ńlá kan sì wà lára gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí a bá ti jọ̀wọ́ wọn sílẹ̀, ibi tí atẹ́gùn bá gbé wọn lọ ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó ni ín a máa sáré tẹ̀lé e la inú igbó kọjá, bí ẹni tí ń lé ẹran tí ó já okùn. Okùn tí a kò lè fojú rí ni ó kù, èyíinì ni rédíò. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1898 ni Nikola Tesla ti fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan han àwọn ènìyàn ní New York, tí ó ń darí rẹ̀ láti òkèèrè láìfi ọwọ́ kàn án. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró nílẹ̀, tí ń rán ìgbì jáde. Ẹ̀rọ mìíràn wà nínú ọkọ̀ tí ń gba ìgbì náà. Bí ó bá ti gbà á, iná bátìrì a dé ara mọ́tò kékeré kan, mọ́tò a fa wáyà, wáyà a sì yí ìrù ọkọ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Lónìí, ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì yìí lè má tóbi ju àpótí ìṣáná lọ. Ní ìgbà ti Denny, gílóòbù onígíláàsì ni wọ́n ń lò, bátìrì rẹ̀ sì wúwo. Ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi. Ọkọ̀ tí ó tóbi ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára. Ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára a máa gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ a sì máa ba gílóòbù jẹ́.

Ní àkókò kan náà, àwọn ológun ní ìṣòro tiwọn. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ẹni tí ń yin ẹtù tí ó dúró lè má rí àparò tí ń fò yìn. Àwọn ayìnbọn tí ń dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ní láti kọ́ bí a ti ń já ohun tí ń fò lulẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ni pé ọkọ̀ òfuurufú kan, tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, a máa fi okùn gígùn wọ́ àpò aṣọ kan lẹ́yìn lójú ọ̀run, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa yin àpò náà. Àpò kì í yà fún ìbọn bí ọ̀tá ti ń yà. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀mí awakọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò ì tíì mọ ìbọn yìn.

Ìlú Ọba dá ọgbọ́n kan sí i ní ọdún 1935. Wọ́n ṣe ọkọ̀ òfuurufú tí ó tó èyí tí ń gbé ènìyàn, wọ́n fi rédíò sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Queen Bee, èyíinì ni ìyá oyin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ara orúkọ yìí ni wọ́n ti mú drone jáde, nítorí akọ oyin ni ìtumọ̀ drone ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ wọ́n jù láti máa fọ́ lójoojúmọ́. Denny àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ rí àyè kan níbẹ̀: bí ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù bá lè tóbi díẹ̀ sí i, kí ó sì máa gbọ́ràn sí rédíò lẹ́nu, yóò dọ́pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kú nínú rẹ̀. Ní ọdún 1935 náà ni wọ́n gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn, tí wọ́n pè ní RP-1, lọ han ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Amẹ́ríkà.

Wọ́n wò ó, wọn kò rà á.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹni tí ó ju ogójì ọdún lọ ni Denny nígbà náà. Ojú rẹ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn, nítorí sinimá ẹ̀rín ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀gágun rí òṣèré tí ó gbé ohun ìṣeré ọmọdé wá, ó sì ń sọ̀rọ̀ ogun. Ìwé tí ó dára jù lọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kàwé jù lọ lè má borí irú ìrísí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí ó wà fún un ni kí ọkọ̀ náà fò dáadáa, kí ó sì tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún 1938 ó ra àwòrán ọkọ̀ tuntun kan lọ́wọ́ Walter Righter, ọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kéékèèké dé góńgó. Dennymite ni wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ń kan ọkọ̀ nílé. Èyí ni ó di RP-2. Wọ́n tún un ṣe, ó di RP-3. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, RP-4 jáde ní ọdún 1939. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń ṣe sinimá lọ. Ní ọdún 1936 ó wà nínú Romeo and Juliet. Ní ọdún 1940 ó wà nínú Rebecca, sinimá tí ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fún ọdún náà. Ọdún 1940 yìí kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀.

Àwọn ológun pe ọkọ̀ náà ní OQ-2. Àwọn ológun ojú omi pe tiwọn ní TDD, Denny sì ni lẹ́tà D ìkẹyìn dúró fún, èyí tí í ṣe iyì tí kò wọ́pọ̀. Apá rẹ̀ láti igun kan dé èkejì jẹ́ mítà 3.7, ara rẹ̀ gùn ju mítà 2.6 lọ díẹ̀. Ó wọ̀n tó kílò 47, tí kò ju ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin mẹ́fà. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó wà ní imú rẹ̀, ọ̀kan ń yí sí ọ̀tún, èkejì ń yí sí òsì, kí agbára yíyí wọn má bàa dojú ọkọ̀ náà dé. Ó lè sáré tó kílómítà 137 ní wákàtí kan. Bí a bá jẹ́ kí irú eré bẹ́ẹ̀ gbé wa tààrà láti Kábà, a ó dé Lókọ́jà kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé. Ohun kan tí ó dàbí kànnàkànnà ńlá ni wọ́n fi ń jù ú sókè. Ẹnì kan a dúró nílẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré tí ó ní ọ̀pá kan lórí, a máa tẹ ọ̀pá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkọ̀ a sì máa yà, a máa gòkè, a máa sọ̀kalẹ̀, bí ọ̀tá gidi. Bí ọta kò bá bà á títí ìdánrawò fi parí, agbòòrùn ńlá kan a ṣí láti inú rẹ̀, a sì gbé e sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó tún lè fò lọ́jọ́ mìíràn.

Ìkókò tí amọ̀kòkò mọ, kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á ni. Denny àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kan ọkọ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè fọ́ ọ. Bí wọ́n bá kàn án dáadáa, yóò ṣòro láti já lulẹ̀. Bí àwọn ayìnbọn bá kọ́ iṣẹ́ wọn dáadáa, ọkọ̀ náà yóò di àfọ́kù. Àfọ́kù yìí ni àmì pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì yọrí. Ó tó 15,000 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ wọn, Radioplane, kàn kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí ní ọdún 1945. Ní àkókò náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń jà nínú igbó Bọ́má.

Ilé iṣẹ́ náà wà ní Van Nuys, ní Los Angeles. Àwọn ọkùnrin ti lọ ojú ogun, nítorí náà àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀, tí wọ́n sì ń ká agbòòrùn sínú àpò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Norma Jeane, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ogun ń lọ sí òpin, ayàwòrán ọmọ-ogun kan, David Conover, wá sí ilé iṣẹ́ náà láti ya àwòrán àwọn obìnrin tí ń ran ogun lọ́wọ́. Ẹni tí ó sì rán an níṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀, Ronald Reagan, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Àwòrán tí Conover yà yìí ṣí ọ̀nà fún Norma Jeane. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Marilyn Monroe. Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí nínú ìtàn yìí nìyí, n kò sì dá yín lẹ́bi.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun kò fi abẹ̀bẹ̀ fò mọ́, jẹ́ẹ̀tì dé. Ẹni tí ó kọ́ láti yin ohun tí ń sá ní kílómítà 137 kò lè yin jẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ Radioplane náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jẹ́ẹ̀tì tí kò ní awakọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan tí ń jẹ́ Q-1 wá, ti ilé iṣẹ́ Ryan, tí ń jẹ́ Firebee, ni àwọn ológun yàn. Ní ọdún 1952, ilé iṣẹ́ ńlá Northrop ra Radioplane.

Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣá. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn ènìyàn wà tí ń kan jẹ́ẹ̀tì ológun kékeré ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọn a wọn jẹ́ẹ̀tì gidi ní ìwọ̀n, wọn a dín in kù sí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá márùn-ún, wọn kò sì ní fi ìṣó kan sílẹ̀ lára àwọ̀ àti àmì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ń jó epo òyìnbó bíi ti ọkọ̀ ńlá, ó sì ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Òmíràn nínú wọn a máa sá ju kílómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré mọ́ bí ó bá já lé ènìyàn lórí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fò ó ní pápá tí ó jìnnà sí ilé. Ní orílẹ̀-èdè wa, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba kí a tó fi rédíò darí ọkọ̀ lójú ọ̀run. Àwọn ológun òfuurufú wa pẹ̀lú ti gbé tiwọn jáde ní Kàdúná, Gulma ní ọdún 2013 àti Tsaigumi ní ọdún 2018. Kì í ṣe ohun tí a fi ń dánra wò ni àwọn wọ̀nyí. Ojú ni wọ́n jẹ́ fún ológun láti máa fi ṣọ́ ilẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti fi bọ́ǹbù sí tiwọn. Ọkọ̀ tí Denny ṣe kí ẹ̀mí awakọ̀ má bàa bọ́ ti di ohun tí ń gba ẹ̀mí ní ibòmíràn, n kò sì mọ ẹni tí yóò lè fi ọkàn kan ṣoṣo yọ̀ sí i.

Denny tìkára rẹ̀ kò fi sinimá sílẹ̀. Ní ọdún 1948 ó ṣe ayàwòrán ilé nínú eré kan tí ó dùn púpọ̀, nípa ọkùnrin tí ń kọ́ ilé tí owó rẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Batman, tí ó jáde ní ọdún 1966, ni ó ṣe kẹ́yìn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó padà lọ sí Richmond, ìlú tí a gbé bí i, ibẹ̀ ni ikú sì ti bá a ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1967, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Los Angeles, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Van Nuys, díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù, nítorí kì í ṣe kí wọ́n lè ṣẹ́kù ni a ṣe kàn wọ́n. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, láàárín àwọn ọkọ̀ ogun tí ó tóbi bí ilé. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò kọjá lára rẹ̀ láìrí i.